Daraba: Ọlọ́hun Pa Òwe, Àwa Ní Ó "Dúró Fún"

 

 Àwọn tó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń túmọ̀ Alùkùráánì sí Yorùbá lórí àga wáàsí. Ọ̀rọ̀ yẹn gbòòrò jù mí lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan péré ni mo yọ nínú rẹ̀, daraba, nítorí ẹjọ́ kan tí wọ́n gbé wá bá mi, tí n kò sì lè dá a lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ kan, obìnrin kan nínú jàmáà wa jókòó dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ nǹkan yìí." Ohùn ọ̀dọ́ oníwáàsí kan ni mo gbọ́. Súrátù Tahrim ló ń tú, áyà 10, ibi tí Ọlọ́hun ti mẹ́nu ba ìyàwó Ànábì Nuhu àti ìyàwó Ànábì Lutu. Ọmọ náà ka Lárúbáwá rẹ̀ já gaara, kò ṣì í. Nígbà tó dé orí Yorùbá, ó ní: "Àwọn obìnrin méjì yìí, wọ́n dúró fún obìnrin. Bí obìnrin ṣe ń ṣe nìyẹn. Abẹ́ òrùlé ànábì ló ń sùn, ó sì ń da ànábì." Èrò kígbe Allahu Akbar.

Ọkọ obìnrin yìí wà láàrin èrò náà. Òun ló gba ohùn náà sílẹ̀. Láti oṣù mẹ́ta, bí gbólóhùn asọ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ láàrin wọn, ìbáà jẹ́ lórí owó ọbẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí owó ilé-ìwé ọmọ, kò ní fèsì mọ́. Fóònù ni yóò tẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà nílé ọkùnrin yìí. Mò ń kírun, mò ń gbààwẹ̀. Ṣé èmi ni ìyàwó Nuhu ni?"

Mo ní kó fún mi láyè. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà kù díẹ̀ káàtó. Ohun tó mú mi dákẹ́ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó lò yẹn, èmi náà ti ń lò ó láti ìgbà tí mo ti ń gun àga wáàsí. Ó lè jẹ́ lẹ́nu irú àwa yìí ló ti kọ́ ọ.

Ohun tó wà nínú áyà náà ni daraba mathalan. Ẹni tó bá ti jókòó ti wàláà rí mọ̀ pé lílù ni ìpìlẹ̀ daraba. Nígbà tí Ànábì Musa fi ọ̀pá lu àpáta nínú Súrátù Baqara, áyà 60, daraba ni. Ṣùgbọ́n Lárúbáwá kò fi í mọ sí lílù nìkan. Ẹni tó ń rìnrìn àjò, ó daraba nínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú Súrátù Nisai, áyà 101, níbi tí a ti yọ̀ǹda fún wa láti gé ìrun kúrú. Nígbà tí Ọlọ́hun fi oorun dí etí àwọn ọ̀dọ́ inú ihò, daraba ni (Kahf, 11). Ògiri tí yóò wà láàrin àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn mùnáfíkì lọ́jọ́ ìkẹyìn, daraba ni (Hadid, 13). Àwọn Lárúbáwá tí wọ́n ń pa àgọ́ láṣálẹ̀, daraba ni wọ́n fi ń pe ìyẹn náà. Ẹni tó ń rọ owó fàdákà pàápàá, daraba ló ń ṣe. Ó wà lára owó dírámù àtijọ́, tí wọ́n máa ń kọ sí i lára pé ìlú báyìí la ti lù ú, lọ́dún báyìí.

Ibi owó yìí ni mo fẹ́ ká ti dúró díẹ̀. Ar-Raghib al-Isfahani, nínú ìwé rẹ̀ Mufradat, tó fi ń tú àwọn ọ̀rọ̀ inú Alùkùráánì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, sọ pé ara lílu owó dírámù ni a ti mú daraba tí a ń lò fún mathal. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí á dárúkọ nǹkan kan, kí ipa rẹ̀ sì hàn lára nǹkan mìíràn. Àwa Yorùbá kò jìnnà sí èyí. A kì í ní a fi òǹtẹ̀ kọ ìwé. A máa ń ní a fi òǹtẹ̀ lù ú. Òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé, àmì rẹ̀ wà lára ìwé. Kò sẹ́ni tó máa gbé ìwé náà sókè kó ní ó dúró fún òǹtẹ̀. Ohun tí a ń wò ni bóyá àmì náà hàn, bóyá kò hàn. Aláǹtakùn àti ilé rẹ̀ ni Ọlọ́hun dárúkọ nínú Súrátù Ankabut, áyà 41. Lára ọkàn ẹni tó fẹ̀yìn ti nǹkan mìíràn lẹ́yìn Ọlọ́hun ni àmì rẹ̀ ti yẹ kó hàn.

Ẹ wá wo èdè tiwa. Kí là ń fi òwe ṣe? Pípa là ń pa á. À ń pa òwe, à ń pa àlọ́, à ń pa ìtàn, à ń pa àṣẹ. Ẹni tó fẹ́ sun oko, ó pàgọ́. Ẹni tó ń tajà, ó pàtẹ. Ẹni tó ń pín ilẹ̀, ó pààlà. N kò sọ pé ọ̀dọ̀ Lárúbáwá la ti rí i o. N kò ní ẹ̀rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ká ṣọ́ra fún àwọn tó ń wọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ sí Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n ẹ rí i bí èdè méjèèjì ṣe mú ọ̀rọ̀ tó lágbára nínú, tí wọ́n fi sídìí òwe, tí wọ́n tún fi sídìí àgọ́. Ẹni tó pa òwe, ó ṣe nǹkan sí ẹni tó ń gbọ́ ọ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe ń rí bí àgbàlagbà bá pòwe mọ́ ènìyàn láàrin ẹbí. Kò sẹ́ni tó bá ọ wí, ara rẹ ló bù máṣọ.

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi bọ́ lẹ́nu wa lórí àga wáàsí? Mo rò ó, ó jọ pé ọ̀nà méjì ló gbà bọ́. Tàfsírì Jalalayn ni ọ̀pọ̀ wa kọ́ nílé-kéwú, iṣẹ́ al-Mahalli àti as-Suyuti. Ìwé kúkúrú ni, ó ń fi ọ̀rọ̀ kan tú ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó dé ibi yànmùyánmú nínú Baqara, áyà 26, ja'ala ló fi tú daraba, ìyẹn "ṣe". Ó tó fún ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá. Àwa wá mú "ṣe" yẹn, a so àpẹẹrẹ mọ́ ọn: "Ọlọ́hun ṣe àpẹẹrẹ." Àpẹẹrẹ sì ni ohun tí aránṣọ ń wò kó tó gé aṣọ. Bí ti ìwòyí bá ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni ti ìyókù máa rí. Ibẹ̀ la ti yọ́ bọ́ sórí "dúró fún".

Ọ̀nà kejì ni ilé-ìwé. Nínú ìṣirò, lẹ́tà dúró fún iye. Lórí àwòrán ilẹ̀, ilà dúdú dúró fún ojú irin. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó ya àwòrán ilẹ̀ náà ló ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí ilà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Kì í ṣe èmi tí mo ra àwòrán náà lọ́jà.

Irú rẹ̀ wà nínú ẹ̀sìn. Nínú hádíìsì tí an-Nawwas ọmọ Sam'an gbà wá, tó wà lọ́dọ̀ Imam Ahmad àti Tirmidhi, Ànábì wa sọ pé Ọlọ́hun pa òwe ọ̀nà tààrà kan. Ògiri wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, ilẹ̀kùn tó wà ní ṣíṣí wà lára ògiri, aṣọ títa bo àwọn ilẹ̀kùn náà, ẹnìkan sì ń képè lórí ọ̀nà. Ànábì fúnra rẹ̀ ló wá tú u: ọ̀nà náà ni Isilaamu, àwọn ògiri ni ààlà tí Ọlọ́hun pa, àwọn ilẹ̀kùn ni ohun tí Ó ṣe léèwọ̀, ẹni tó ń képè lórí ọ̀nà ni Ìwé Ọlọ́hun. Níbẹ̀, ẹ lè máa ní èyí dúró fún èyí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Òjíṣẹ́ tó mú òwe wá náà ló tú u.

Imam al-Ghazali pàápàá kọ odidi ìwé kan, Mishkat al-Anwar, lórí áyà ìmọ́lẹ̀ inú Súrátù Nur, ó sì pín ihò ara ògiri, gíláàsì, fìtílà, igi àti òróró fún agbára inú ọkàn ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni bíi Ghazali lè dán irú rẹ̀ wò. Àwa tí a kò tíì ka Jalalayn já, ẹ jẹ́ ká rọra.

Mo ti gbọ́ ọ níbi wáàsí Ràmàdáànì kan pé yànmùyánmú inú Baqara dúró fún àwọn ìjòyè ìjọba tó ń fa ẹ̀jẹ̀ mẹ̀kúnnù. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo tún áyà náà wò. Ọlọ́hun kò wí pé yànmùyánmú dúró fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ojú kì í ti Í láti fi nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ pa òwe. Pé àwọn onígbàgbọ́ mọ̀ pé òdodo ni, àwọn aláìgbàgbọ́ sì ń bi ara wọn pé kí ni Ọlọ́hun gbà lérò pẹ̀lú èyí. Ìbéèrè ẹ̀gàn ni tiwọn, mo mọ̀. Síbẹ̀, ẹnu àwọn wo la bá ìbéèrè náà?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Tahrim. Lẹ́yìn daraba mathalan, lẹ́tà kan wà níbẹ̀, lám, tí a máa ń tú sí "fún". Ta ni Ọlọ́hun mú ọ̀rọ̀ náà wá fún? Ó dárúkọ wọn: àwọn tó ṣàìgbàgbọ́. Kò ní obìnrin. Áyà 11 tó tẹ̀lé e, daraba mathalan náà ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá jẹ́ fún àwọn tó gbàgbọ́. Ta ni Ó sì mú wá? Ìyàwó Firiaona. Ní áyà 12, Ó so Màríyámù ọmọ Imrana mọ́ ọn. Obìnrin mẹ́rin nìyẹn, méjì fún aláìgbàgbọ́, méjì fún onígbàgbọ́, ọkùnrin sì wà nínú ìsọ̀rí méjèèjì. Èmi tí mo dá irùngbọ̀n sí yìí, ìyàwó Firiaona ni Ọlọ́hun ní kí n máa wò kọ́gbọ́n.

Ẹ wá rí ibi tí "fún" ti tàn wá jẹ. Bí a bá ní a pa òwe fún ẹnìkan, "fún" yẹn ń tọ́ka sí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. Bí a bá ní nǹkan dúró fún nǹkan, "fún" yẹn ń tọ́ka sí ohun tí a gba ipò rẹ̀. Ọmọ oníwáàsí wa yọ "fún" kúrò níbi tí Ọlọ́hun fi í sí, ó lọ so ó mọ́ "dúró". Ó wá di dandan fún un kó wá ẹni tí ìyàwó Nuhu máa dúró fún. Àwọn obìnrin tó jókòó lẹ́yìn aṣọ ìkélé ló sì rí.

Zamakhshari nínú Kashshaf sọ pé ipò àwọn aláìgbàgbọ́ ni Ọlọ́hun fi wé ti àwọn obìnrin méjèèjì: bí wọ́n ṣe súnmọ́ ànábì tó, ìsúnmọ́ náà kò gbà wọ́n. Nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ ta kú pé wọ́n gbọ́dọ̀ dúró fún ẹnìkan, aláìgbàgbọ́ náà ni. Kò sí ọ̀nà tí a lè gbà dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń kírun nílé ọkọ rẹ̀. Bí ó bá kan ẹnikẹ́ni nínú wa ní tààrà, àwa ọmọ àlùfáà àti ìdílé Lèmọ́mù ló kàn, àwa tí a rò pé orúkọ bàbá wa yóò ṣílẹ̀kùn Àlùjánńà.

Ọ̀rọ̀ "dà" náà tún wà níbẹ̀. Ohun tí ọkọ tó ń tẹ fóònù ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni àgbèrè. Jalalayn tí a gbójú lé yìí náà sọ pé inú ẹ̀sìn ni wọ́n ti da ọkọ wọn: ìyàwó Nuhu ń sọ fáwọn ènìyàn pé wèrè ni ọkọ òun, ìyàwó Lutu ń tú àṣírí àlejò ọkọ rẹ̀ fún ará ìlú. A sì gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas pé kò sí ìyàwó ànábì kankan tó ṣe àgbèrè rí.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ níbí pé "pa òwe" tí mò ń polówó yìí kò bá Tahrim mu tán. Ènìyàn ni ìyàwó Nuhu, ó gbé ayé. Bí mo bá ní Ọlọ́hun fi pa òwe, ọmọdé lè rò pé àlọ́ ìjàpá ni. Fún irú ibẹ̀, "fi ṣe àríkọ́gbọ́n fún" ni mo fara mọ́, àti fún àwọn ará ìlú inú Yasin, áyà 13. Òwe ni kí á fi sílẹ̀ fún aláǹtakùn, fún eṣinṣin inú Súrátù Hajj, áyà 73, àti fún igi rere àti igi burúkú inú Súrátù Ibrahim. Àlùfáà àgbà kan takò mí pé òwe kò yẹ Ọlọ́hun, pé ọ̀rọ̀ àwọn baba wa kèfèrí ni, pé inú Bíbélì ló sì kún sí. Mo ní èdè kì í ṣe ti kèfèrí, kì í sì í ṣe ti ìjọ kan. Rẹ́fẹ́ràǹdì M. S. Cole ló kọ́kọ́ tẹ Alùkùráánì jáde lédè Yorùbá, ní 1906. A kò torí ìyẹn dẹ́kun kíkà á ní Yorùbá.

Ibòmíràn wà tí daraba yìí ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa, Súrátù Nahl, áyà 74, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa láti fi mathal lélẹ̀ nípa Òun. Jalalayn ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí á má ṣe fi nǹkan jọ Ọ́, ká wá fi ṣe orogún Rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan mú áyà yìí, wọ́n ní kí oníwáàsí má pòwe mọ́ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka áyà 75. Daraba mathalan ló fi bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló sì pa á: ẹrú tí kò lágbára lórí ohunkóhun, àti ẹni tí Ọlọ́hun fún ní ọrọ̀ rere tó ń ná an ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba. Òwe kọ́ ni eewọ̀. Fífi Ọlọ́hun wé ẹ̀dá ni eewọ̀.

Àwọn àgbà kan sì wà lódìkejì, tí wọ́n máa ń ní ẹni tó bá fẹ́ rí ọba, ìjòyè ló ń kọ́kọ́ rí, pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ wásílà pọ̀, àwọn onímọ̀ ti jà á tipẹ́, èmi kọ́ ni n óò parí rẹ̀ lónìí. Ẹni tó ní ẹ̀rí rẹ̀, kó mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n òwe ọba yìí, òun gan-an ni áyà 74 kọ̀. Ìdí tí ọba fi nílò ìjòyè ni pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá fi Ọlọ́hun wé e, òǹtẹ̀ tí kò yẹ ló fi lu ọkàn jàmáà, ó sì ṣòro láti pa á rẹ́ lẹ́yìn náà. Mo mọ̀, torí ọmọ kékeré ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ọ, títí dòní, bí mo bá ń ṣe àdúà, mo ṣì máa ń rí ààfin.

Mo ránṣẹ́ pe ọmọ oníwáàsí wa. Ó jókòó sórí ẹní, mo ṣí Tahrim fún un, mo ní kó ka 10, kó ka 11, kó ka 12, kó tú u láì lo "dúró fún". Ó pẹ́ kó tó la ẹnu. Nígbà tó tú u tán, ó ní, "Baba, àwa ọkùnrin náà wà ńbẹ̀." Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó gun àga, ó ní òun ṣì í, ó sì tún un sọ níwájú gbogbo èrò. Ó gba ìgboyà, mo sì kí i. Ọkọ obìnrin yẹn kò sí níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ni mo wá fi iṣẹ́ rán. Mo ní kó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé nígbà tó bá tún fẹ́ tẹ fóònù, kó kọ́kọ́ ka áyà kan sí i. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ pè mí. Ó ní òun ti ka áyà 11. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Baba Àlùfáà, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé èmi ni Firiaona?"

Mo ní kó wá bá mi lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tí a fẹ́ jọ kà.